Ògiri Ẹ̀yìn Ìlẹ̀kùn

Ní ìlú náà, bí ọmọ ilé-ìwé kan kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí wọ́n bi í léèrè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wojú òrùlé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á pariwo mọ́ ọn pé, "Mo ṣílẹ̀kùn, ògiri ni mo bá!" Bí télọ̀ bá gé aṣọ oníbàárà kúrú, tó wá ń di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ ìránṣọ, ohun tí oníbàárà á sọ nìyẹn. Ọkọ tó bá pẹ́ níta, kó má tilẹ̀ wulẹ̀ la ẹnu, nítorí ìyàwó rẹ̀ á ti bá a sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Àádọ́ta ọdún ni ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu ará ìlú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn tó mọ̀ náà ń sọ ọ́ lọ ní tiwọn.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò fi ṣàwàdà rárá. Obìnrin kan ni, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin tó ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ní ilé iṣẹ́ tó wà láàárín òpópónà àtijọ́. Òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí iná mú òwú lẹ́nu ọ̀nà iwájú, àwọn tó sún mọ́ iwájú sá jáde. Àwọn tó kù sá lọ sẹ́yìn, síbi ìlẹ̀kùn kejì, Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ sì ṣáájú wọn. Obìnrin mẹ́jọ ló kú síbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò fa irin ojú fèrèsé kan yọ, Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ nìkan ni wọ́n rí fà jáde láàyè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó.

Nígbà tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ní, "Mo ṣílẹ̀kùn, ògiri ni mo bá." Wọ́n tún bi í, ó tún un sọ. Wọ́n lọ wo ibẹ̀, wọ́n rí ògiri lóòótọ́, tí wọ́n ti rẹ́, tí wọ́n ti kùn. Olówó tó ni ilé iṣẹ́ náà ní òun lòun ní kí wọ́n dí i lẹ́yìn iná, nítorí ojú òun kò gbà á láti máa wo ibi tí àwọn ọmọ òun kú sí. Àwọn ìgbìmọ̀ bá a kẹ́dùn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀rù ló ba obìnrin náà, pé kò ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀ rárá. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: olówó náà kọ́ ilé ńlá mìíràn níbòmíràn láàárín ọdún méjì. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sí i láyé, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lẹ́nu ọmọdé ní gbogbo ọjọ́ tó bá jáde.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di àárọ̀ ọjọ́ tí bíríkìlà kan mú òòlù rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ àtijọ́ náà.

Bíríkìlà yìí ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bàbá rẹ̀ ló mọ ìdajì òpópónà náà. Ọ̀gá Oníka-Mẹ́rin ni gbogbo ìlú ń pe bàbá náà, nítorí bíríkì já lé ìka ìtọ́ka rẹ̀ nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n sì gé e. Òpópónà tí ọ̀gá náà mọ ti wá di òkú. Láti ìgbà tí wọ́n ti la títì gbọ̀ọ̀rọ̀ gba ẹ̀yìn ìlú, ọkọ̀ kò yà síbẹ̀ mọ́. Aago ilé ìfìwéránṣẹ́ ti kú ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ṣé àárọ̀ ni àbí alẹ́. Ilé ayàwòrán ti di ilé ẹyẹlé. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta péré ló ṣì ń ṣí: ti alátùn-únṣe aago, ti ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì tó ń ta ìwé àlòkù, àti ti obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ní ọ̀ọ́kán ilé iṣẹ́ tó jó. Ìyá Bọ́tìnnì ni wọ́n ń pe obìnrin yìí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ bí sì ni.

Ní ọdún tó kọjá ni ìjọba kéde òpópónà náà ní àdúgbò ìtàn. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi ṣe alága ètò náà. Ọkùnrin rere ni, ó kàn fẹ́ràn kí gbogbo ìtàn ní orí àti ìdí. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ sára gbogbo pátákó bàbà tí wọ́n fẹ́ kàn mọ́ ara ilé. Èyí tó tóbi jù máa wà lẹ́nu òpópónà, wọ́n sì ti fi aṣọ bò ó. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni pé láti òní lọ, orúkọ Ọ̀gá Oníka-Mẹ́rin ni òpópónà náà ń jẹ́, "ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ilé mọ́kànlá níbí." Bíríkìlà ti lọ ṣí aṣọ náà wò lẹ́ẹ̀mẹta. Àgbàlagbà ni o, ṣùgbọ́n bàbá ẹni ni bàbá ẹni.

Èyí tí wọ́n máa kàn sínú ilé iṣẹ́ tó jó kéré: "Níbí ni obìnrin mẹ́jọ kú sí nítorí ìlẹ̀kùn tí a kò ṣí." Wọ́n máa kan ìṣó kan sísàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ kọ́ sórí rẹ̀. Olùkọ́ àgbà ti lọ bẹ Ìyá Bọ́tìnnì fún kọ́kọ́rọ́ náà, obìnrin náà sì ti gbà. Aago mẹ́rin ọ̀sán ni àwọn èèyàn ńlá máa dé. Àléébù kan ṣoṣo tó kù ni pé ara ògiri ẹ̀yìn ti wú, pátákó kò lè dúró lórí rẹ̀.

"Gbá gbogbo ohun tó wú yẹn dànù, kí o rẹ́ ẹ tuntun," ni olùkọ́ sọ fún un. "Má jẹ́ kó pẹ́, kó lè gbẹ díẹ̀."

Bíríkìlà gbé àkàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù gbá a. Símẹ́ǹtì àtijọ́ ń já bọ́ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ó ń súfèé. Bíríkì kìíní yọjú, ó dúdú. Kò ro nǹkan kan. Ìkejì yọjú, òun náà dúdú. Nígbà tó gbá a dé ibi tó fẹ̀ tó ìlẹ̀kùn, ìsúfèé ti kú lẹ́nu rẹ̀.

Èéfín ló mú gbogbo bíríkì náà dúdú. Àwọn míràn ti sán nínú iná, ojú wọn ti dà bí ìkòkò ìdáná. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, irin méjì tí ìlẹ̀kùn fi máa ń rọ̀ mọ́ férémù ṣì wà níbẹ̀, igi tó jó di èédú ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí wọn. Iwájú ògiri náà ni ìlẹ̀kùn ti wà, ìlẹ̀kùn àti ògiri sì jọ wà nínú iná pọ̀.

Ẹni tí kì í ṣe bíríkìlà lè wo ibẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú kó má rí nǹkan kan bí kò ṣe ìdọ̀tí. Bíríkìlà kò ní irú oore-ọ̀fẹ́ yẹn. Ó ti ń mọ ògiri láti bí ọdún márùndínláàádọ́ta, ó mọ̀ pé iná kì í jó ògiri tí wọn kò tíì mọ. Olówó ní lẹ́yìn iná ni wọ́n dí i. Irọ́ ni. Kí iná tó sọ ni wọ́n ti dí i. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ògiri ló bá.

Ó rọra sọ̀kalẹ̀ láti orí àkàbà, ó jókòó lórí korobá. Nǹkan kan wà tí kò fẹ́ wò, ó sì mọ̀ pé òun máa wò ó.

Àwọn bíríkìlà ìlú náà ní ìṣe kan. Bí wọ́n bá to bíríkì tó gbẹ̀yìn, wọ́n á fi símẹ́ǹtì díẹ̀ lé e, wọ́n á tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ ìparí ni wọ́n ń pè é. Onílé kì í rí i, nítorí wọ́n á rẹ́ ògiri bò ó. Àárín ara wọn ni wọ́n ń ṣe é fún, kí ẹni tó bá wá wó ògiri náà lẹ́yìn ọ̀la lè mọ ẹni tí òun ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ó dìde, ó nawọ́ sí igun òkè lápá òsì, ó fi ìka nu èéfín rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ wà níbẹ̀. Àtàǹpàkò, àlàfo, ìka mẹ́ta.

Ó mọ ọwọ́ náà ju bó ṣe mọ tara rẹ̀ lọ. Ọwọ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni. Inú àmì náà dúdú fún èéfín, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ara ògiri tó kù ṣe dúdú.

Ìgbà náà ló wá rántí bàtà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni lọ́dún tí iná jó. Bàbá rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Sunday, kò sẹ́ni tó lè san iye tí á fi ṣe é. Ṣùgbọ́n Sunday kan wà tó jáde pẹ̀lú irin ìrẹ́lé rẹ̀, tó padà dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú bàtà awọ dúdú kan fún ọmọ rẹ̀, bàtà tuntun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ní láyé. Ìyá rẹ̀ bi bàbá pé iṣẹ́ wo nìyẹn. Bàbá ní, "Àwọn obìnrin kan ló ń jí ṣẹ́ẹ̀tì kó gba ẹ̀yìn. Ọ̀gá wọn fẹ́ kí n ti inú ilé mọ ògiri dí i lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kí ìlẹ̀kùn ṣì wà níwájú rẹ̀, kí àwọn tó ń wá yẹ ilé iṣẹ́ wò lè máa rí ìlẹ̀kùn méjì." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín sí ọgbọ́n olówó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà wọ bàtà yẹn, ìsìnkú àwọn obìnrin mẹ́jọ ni. Ó rántí pé ó ta á lẹ́sẹ̀ gan-an, pé ó sunkún, pé àwọn àgbà rò pé ó ń sunkún nítorí àwọn òkú.

Bàbá rẹ̀ mọ̀. Ó mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, òun náà ló sì padà wá rẹ́ ẹ mọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé iná náà. Ó jókòó sórí ìjókòó nígbà tí ìgbìmọ̀ ń bi Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ léèrè, kò sì la ẹnu. Láti ọdún yẹn, kò gba iwájú ilé iṣẹ́ náà kọjá mọ́. Nígbà tó ń ṣàìsàn ikú, abẹ́ aṣọ ló ń fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sí, bí oníṣègùn bá fà á jáde, á tún fà á wọlé. Ọmọ rẹ̀ rò pé ìka tí kò sí ló ń tì í lójú.

Bíríkìlà padà jókòó sórí korobá. Inú bí i sí bàbá rẹ̀, inú bí i sí olùkọ́ tí kò rí ibòmíì fi pátákó sí, inú tiẹ̀ bí i sí ara ògiri tó wú. Ta ló rán an? Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Òun náà ló la á lẹ́nu. Òun nìkan ló sì tíì rí i.

Ó ronú kan pátákó tó wà lẹ́nu òpópónà. Ó ronú kan àwọn ọmọ rẹ̀, àti ọmọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ bàbá náà. Olówó ti kú. Bàbá ti kú. Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ náà ti kú, a kì í dá òkú láre kó dìde jẹun. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ó po símẹ́ǹtì.

Ó rẹ́ ẹ dáadáa, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kò sí ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ṣiṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fa igi gígùn kọjá lójú rẹ̀ tán, tí gbogbo rẹ̀ tẹ́jú, tó tutù, tó funfun díẹ̀díẹ̀, ó sún sẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ló rí i pé ọwọ́ ọ̀tún òun ti tutù. Ọwọ́ ti lọ ṣe ohun tó máa ń ṣe. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti wà lójú ògiri, ìka márààrún, ní igun òkè lápá òsì.

Kó tó rí irin mú láti pa á rẹ́, olùkọ́ àgbà ti wọlé.

"Áà! O ti parí!" Olùkọ́ sún mọ́ ọn, ó fi dígí sójú. "Ọwọ́ rẹ nìyí? Bíi ti bàbá rẹ gẹ́lẹ́! Jọ̀ọ́, má pa á rẹ́. Àwọn àlejò á fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tẹ̀lé ìṣísẹ̀ bàbá, àbí kí ni wọ́n ń pe ìtàn?"

"Ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́, olùkọ́."

"Mo ní má fọwọ́ kàn án." Olùkọ́ ti ń jáde lọ, ó ń pariwo mọ́ àwọn tó ń to àga síta.

Ìyá Bọ́tìnnì ló wọlé tẹ̀lé e, ó wọ aṣọ dúdú, ó fi aṣọ ìnujú kékeré di nǹkan kan mọ́wọ́. Obìnrin náà fi ọdún márùn-ún ju bíríkìlà lọ. Wọ́n jọ dàgbà ní òpópónà yìí ni. Nígbà kan tí bíríkìlà gba iṣẹ́ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó wá jẹ́ kó pẹ́, tí obìnrin náà wá bi í, ẹnu bíríkìlà yọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣílẹ̀kùn, ògiri ni mo bá." Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá Bọ́tìnnì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín yẹn ló ń pariwo létí bíríkìlà báyìí.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀sán ti pọ́n, ìwọ ọkùnrin yìí. Èwo ni káàárọ̀?" Ó wo ògiri náà. "Ibẹ̀ nìyẹn?"

"Ibẹ̀ ni."

"Olùkọ́ ní kí n gbé e kọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́. Mi ò lè ṣe é lójú èèyàn. Mo ní kí n wá ṣe tèmi sílẹ̀." Ó tú aṣọ ìnujú náà. Kọ́kọ́rọ́ irin ni, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, iná ti sọ orí rẹ̀ di wúdúwúdú. "Bá mi di ọwọ́ mú, kí n kúnlẹ̀."

"Kúnlẹ̀ kẹ̀?"

"Ṣé o ò ní dì mí mú ni?"

Ó dì í mú. Ìyá Bọ́tìnnì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku, ó kọjú sí ògiri tútù náà, ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń gbé omi fún àgbà.

"Ẹ̀yin mẹ́jọ," ló sọ, ohùn rẹ̀ kò ga, "ẹ dákun. Mo bẹ̀ yín nítorí ìyá mi. Ẹ̀rù ló bà á. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ló bà á. Ẹ foríjì í. Ẹ jẹ́ kó ríbi jókòó lọ́dọ̀ yín."

Bíríkìlà dúró tì í. Ó gbìyànjú láti wo ilẹ̀, ó gbìyànjú láti wo òrùlé. Níbi tó wù kó wò, àtẹ́lẹwọ́ oníka márùn-ún yẹn ló ń rí. Ó mú òòlù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún sẹ́yìn."

"Kí lo fẹ́ ṣe? Ògiri tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́?"

Bíríkìlà na òòlù sókè. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, símẹ́ǹtì tútù ta sí i lójú. Kò gbá a bí oníṣẹ́ mọ́, ó ń fi ọwọ́ gbọ́n ọn dànù, ó ń fi èékánná ha á, títí bíríkì dúdú fi yọjú, títí irin méjèèjì fi yọjú, títí ọwọ́ oníka mẹ́rin fi yọjú ní igun òkè. Ó wá tọ́ka sí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka ìwé fún ẹni tí kò mọ̀wé.

"Èéfín iná ọjọ́ yẹn nìyí. Ara bíríkì ló wà. Iná kì í jó ògiri tí wọn ò tíì mọ. Kí iná tó sọ ni wọ́n ti mọ ọ́n síbí. Bàbá mi ló mọ ọ́n. Ọwọ́ bàbá mi rèé." Ó yíjú sí i. "Màmá yín ṣílẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ògiri ni wọ́n bá."

Bíríkìlà dúró kí Ìyá Bọ́tìnnì bú òun, kí ó gbá òun létí, kí ó sáré jáde lọ pariwo fún gbogbo ìlú. Ó tilẹ̀ dúró kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ òun; Ọlọ́run ló máa foríjì í fún ìyẹn. Obìnrin náà kàn fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde fúnra rẹ̀, ó lọ síbi ògiri, ó sì na kọ́kọ́rọ́ náà títí ẹnu rẹ̀ fi kan bíríkì. Ó dún kín-ín. Ó tún un ṣe.

"Nígbà tí màámi ń kú lọ," ló sọ, "ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Ọmọ mi, mo ṣílẹ̀kùn.' Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi ń sọ ọ́ fún mi, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti sú mi. Mo ní, 'Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ má parọ́ lọ bá Ọlọ́run.'"

Níta, wọ́n ti ń dán gbohùngbohùn wò. Olùkọ́ àgbà ń ka ení, èjì, ẹ̀ta sínú rẹ̀.

"Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀," ni Ìyá Bọ́tìnnì sọ. "Ó yíjú sí ògiri. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú."